Ẹ Bi Tíṣà: Ìlà tí ọmọ fà, tó sì ṣubú

Lẹ́tà mẹ́ta ló wọlé lóṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ kan náà, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ rí látìgbà tí mo ti ń dáhùn ìbéèrè yín lójú ewé yìí. Géèmù ni gbogbo wọn ń béèrè: èyí tí èèyàn ń fi ìka ya nǹkan sí, tí ohun tó yà á di ohun tó ní ìwọ̀n, tí á já bọ́, tí á yí, tí á ti bọ́ọ̀lù síwájú. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì fún ọdún 31 nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ yìí kí n tó fẹ̀yìntì, ọ̀pọ̀ alẹ́ ni mo sì ti jókòó ti ọmọ-ọmọ mi nídìí irú géèmù bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ dáadáa.

*

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Ọ̀wọ́dé, l'Ọ́yọ̀ọ́. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, ti fẹ́ẹ̀ gba fóònù mi mọ́ mi lọ́wọ́. Kì í gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kì í yìnbọn. Ìlà ló ń fà. Á fa ìlà, ìlà á ṣubú, á pa á rẹ́, á tún fa òmíràn, bí babaláwo tó ń tẹ Ifá lórí ọpọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi wà lórí lẹ́fẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Bàbá rẹ̀ ní kí n gba fóònù náà, pé ọmọ yìí ti ń ya ọ̀lẹ. Kí ni kí n ṣe?" (Abiyamọ kan, Ọ̀yọ́)

Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ìyá ọmọ. Ẹ má tíì gbà á.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ló dùn mọ́ mi jù nínú lẹ́tà yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú fóònù náà fún yín. Wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù kékeré kan sápá òsì, wọ́n á gbé ìràwọ̀ kan sápá ọ̀tún, kòtò á wà láàárín. Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ dé ibi ìràwọ̀. Wọn ò fún ọmọ ní afárá, wọn ò sì fún un ní ìdáhùn A, B, C kó mú ọ̀kan. Ìka rẹ̀ ni pẹ́ńsù rẹ̀. Ó fa ìlà kan bí afárá, àfi gbì, afárá já sí kòtò torí pé ó kúrú. Ó fa èyí tó gùn. Èyí dúró, ṣùgbọ́n ó tẹ́ pẹrẹsẹ, bọ́ọ̀lù ò yí. Ó gbé apá òsì rẹ̀ sókè díẹ̀, bọ́ọ̀lù wá yí lóòótọ́, ó sáré kọjá ìràwọ̀, ó jábọ́ sódìkejì. Gbogbo ìgbà tó bá ṣubú ló nídìí tó fi ṣubú, kò sì sẹ́ni tó máa sọ ìdí náà fún un. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wò ó títí yóò fi rí i. Ẹni tó bá ti ta ayò pẹ̀lú àgbàlagbà rí mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń bá ojú ọmọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Finland kan, Petri Purho, ló mú kí irú eré yìí gbajúmọ̀. Ó ti pinnu pé òun á máa ṣe géèmù tuntun kan lóṣooṣù, èyíkéyìí kò sì gbọdọ̀ gbà ju ọjọ́ 7 lọ. Ní 2007, ó fi ọjọ́ 5 ṣe ọ̀kan tó pè ní Crayon Physics, tí ohun gbogbo inú rẹ̀ dà bí ohun tí ọmọ jẹ́léósinmi fi kéréyọ̀nù yà sórí bébà. Ní 2008, èyí tó tún ṣe gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ ní Independent Games Festival, ìdíje àwọn tó ń ṣe géèmù láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn wọn. Oṣù kìíní 2009 ló tó gbé e jáde fún títà, ó sì pè é ní Crayon Physics Deluxe. Ọjọ́ 5 ló fi rí èrò náà. Ó lé ní ọdún kan àbọ̀ kó tó rò ó tó bó ṣe fẹ́. Ẹ rántí èyí tí ẹ bá ń ka ọjọ́ mẹ́ta sọ́mọ lọ́rùn.

Ohun kan wà nínú Deluxe yẹn tí mo fẹ́ràn gan-an. Bí ọmọ bá ti yanjú lẹ́fẹ́ẹ̀lì kan tán, kò parí síbẹ̀. Wọ́n á ní kó padà wá, kó tún wá ọ̀nà mìíràn. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní kó ya ohun ẹyọ kan péré. Nígbà mìíràn, kó ṣe é lọ́nà tó wu òun alára, òun náà ni yóò sì sọ bóyá ó dára tàbí kò dára. Ọdún 31 ni mo fi máàkì ìwé, n kò fún ọmọ kankan láǹfààní yẹn rí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan fún yín, ìyá ọmọ. Lọ́jọ́ kan, mò ń kọ ìṣirò nípa bí ẹrù ṣe ń tẹ̀ sórí pátákó, mo rí ọmọkùnrin kan tó doríkodò tó ń yàwòrán. Mo gba ìwé rẹ̀, mo sì nà án. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo ṣí ìwé náà. Ọmọlanke méjì ló yà. Nínú ọ̀kan, ẹrù wà lórí táyà gan-an. Nínú èkejì, ẹrù sún mọ́ ibi tí alábàárù ń dì mú, ó sì fi ọfà kékeré tọ́ka sí ibi tí ọwọ́ alábàárù á ti máa dùn ún. Ohun tí mò ń kọ sójú pátákó gan-an ló yà, tèmi ò sì yéni tó tirẹ̀. Mo dá ìwé náà padà lọ́jọ́ kejì, mo bẹ̀ ẹ́. N kò tún rí i kó yàwòrán mọ́ ní kíláàsì mi títí ó fi ṣe Wáẹ́ẹ̀kì. Ọmọ yẹn ni mo rántí nígbà tí mo ka lẹ́tà yín.

Iṣẹ́ ọwọ́ yín gan-an lè ràn án lọ́wọ́. Nínú irú géèmù yìí, ọmọ máa ń fi píìnì gún ohun tó yà mọ́ ara ògiri tàbí mọ́ ara nǹkan mìíràn. Ẹ mú páálí tí ẹ fi ń gé bátànì, ẹ fi píìnì kan ṣoṣo gún un mọ́ tìmùtìmù. Ẹ ní kó fọwọ́ kàn án: á máa yí gbirigbiri. Ẹ wá fi píìnì kejì gún un. Ó dúró gbọin. Ẹ̀yin ti mọ èyí látìgbà tí ẹ ti ń kọ́ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ìyá òun mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé pákó lé orí òkúta bíi jangilọ́fà. Ẹ gbé iṣu tó wúwo tó kílò 6 sí apá kan, ní ẹsẹ̀ bàtà 1 sí òkúta. Ẹ gbé èyí tó jẹ́ kílò 2 sí apá kejì, ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Á dúró dọ́gba, torí 6 lọ́nà 1 àti 2 lọ́nà 3, bákan náà ni wọ́n. Bó bá rí i bẹ́ẹ̀ lójúkojú, á mọ ìdí tí òkúta kékeré tó yà sí ìpẹ̀kun ìlà gígùn fi lè gbé bọ́ọ̀lù ńlá fò.

Ẹ fún un ní ààyè, ṣùgbọ́n kó ní ìwọ̀n. Iṣẹ́ àṣetiléwá ni kó kọ́kọ́ ṣe, wákàtí kan ló tó fún géèmù, kò sì gbọdọ̀ gbé fóònù wọ orí ibùsùn. Nínú wákàtí kan yẹn, ẹ bá mi jókòó tì í fún bíi ìṣẹ́jú 10. Ẹ má bi í pé lẹ́fẹ́ẹ̀lì mélòó ló ti gbà kọjá. Ẹ bi í pé, "Kí ló dé tó fi ṣubú sápá ibí?" Bó bá dá yín lóhùn, kódà kí ìdáhùn náà má tọ̀nà, ọmọ yín ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ń fi ìlà kún ojú fóònù títí bọ́ọ̀lù á fi ṣèèṣì débẹ̀, ẹ sọ fún un kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kó fi ìlà kan ṣe é. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ayédèrú o: àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìlà kan náà tí ẹni tó ṣe é ti ní lọ́kàn ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ fà, ìpolówó á sì tún bo ojú rẹ̀. N kò ka ìyẹn sí ohunkóhun.

Ẹ bá mi kí bàbá ọmọ. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọ̀lẹ kì í fi ọjọ́ mẹ́ta wá ìdí ohun kan.

*

"Tíṣà, mo ń ta èèlò fóònù ní Tákíé. Àwọn òbí ń béèrè irú géèmù tí wọ́n ń ya nǹkan sí yìí lọ́wọ́ mi. Èwo ni mo lè fi sí i fún wọn tí kò ní jẹ dátà?" (Oníṣòwò, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú ọjà. Fún fóònù, Brain It On! tí Orbital Nine gbé jáde ní 2015 ni mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn. Bí ẹ bá ti fi sí i tán, kí wọ́n pa dátà. Ọmọ á máa ṣeré rẹ̀ lọ, ìpolówó ò sì ní rí ọ̀nà wọlé. Bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà Windows wà nílé, Crayon Physics Deluxe ni, owó ni wọ́n fi ń rà á. Kí wọ́n rà á, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bá wọn jí i dà sórí fíláàṣì. Ẹnì kan ló jókòó ṣe é. Ẹni tó bá ń lo Linux dípò Windows lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè gba géèmù Numpty Physics lọ́fẹ̀ẹ́, màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀.

*

"Bàbá, ẹ kú àsìkò yìí sà. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni mí, Under G ni mò ń gbé. Mò ń fi Box2D, kóòdù tó ń bá géèmù ṣe ìṣirò bí nǹkan ṣe ń já bọ́ àti bí wọ́n ṣe ń kọlu ara wọn, ṣe géèmù tí èèyàn á máa ya nǹkan sí. Ohun mẹ́ta ló ń dà mí láàmú. Bí mo bá ya ife, bọ́ọ̀lù kì í wọ inú rẹ̀, ẹnu ife ló ń dúró sí bí ẹni pé wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí i. Gbogbo nǹkan tún ń rọra já bọ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Bí mo bá sì ju òkúta kékeré pẹ̀lú agbára, á la ìlà tí mo yà kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ẹnì kan ò lè dá géèmù ṣe, pé kí n fi sílẹ̀." (Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ọmọ mi, má fi sílẹ̀. Gbogbo ohun tó ń ṣe ọ́ yìí ló ti ṣe àwọn tó ṣáájú rẹ, ó sì ní oògùn.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ife. Box2D tí ò ń lò, Erin Catto ló kọ ọ́, ó sì ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé láti 2007. Òun ló wà lábẹ́ Crayon Physics Deluxe, òun náà ló wà lábẹ́ Angry Birds. Ohun tí wọ́n sábà ń fi ṣe nǹkan tó ń rìn nínú rẹ̀ kò pọ̀: róbótó, àti ohun onígun tí kò ní ibi tó tẹ̀ wọnú, tí igun rẹ̀ kò sì ju 8 lọ. Ife ní ibi tó tẹ̀ wọnú. Inú rẹ̀ gan-an nìyẹn. Tí o bá kó gbogbo igun ife fún Box2D lẹ́ẹ̀kan náà, á na ara rẹ̀ láti etí dé etí, bí awọ ṣe ń bo ojú gángan. Ìwọ ò rí awọ náà torí àwòrán tìrẹ lò ń wò, ṣùgbọ́n orí awọ ni bọ́ọ̀lù jókòó sí.

Má gbé ife fún un lódindi. Gé ìlà náà wẹ́wẹ́. Láti ibi tí ìka ti kan ojú fóònù dé ibi tó tún kàn tẹ̀lé e, fi àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ kan síbẹ̀. Kó gbogbo àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn sórí body kan ṣoṣo, ìyẹn ohun tí Box2D kà sí odindi nǹkan kan, kí wọ́n jọ máa rìn, kí wọ́n jọ máa ṣubú, bí àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n hun di apẹ̀rẹ̀. Inú ife á wá ṣófo. Ohun kan tún wà níbẹ̀: bí ènìyàn bá fi ìka ya ife kan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àmì ni fóònù lè gbà sílẹ̀. Àwọn tó bá wà lórí ìlà kan náà tó tọ́, yọ wọ́n kúrò, fi orí àti ìdí sílẹ̀. Ibi tí ìlà ti yí nìkan ni o nílò. Bí o kò bá ṣe èyí, fóònù olówó pọ́ọ́kú tí àwọn ọmọ ń lò á máa gbóná, á sì máa lọ́ra.

Èyí tó ń já bọ́ bí ìyẹ́ adìyẹ, ìwọ̀n ló fà á. Mítà ni Box2D fi ń wọn nǹkan, ohun tó wà láàárín ìdá mẹ́wàá mítà sí mítà 10 ló sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa jù. Ó dá mi lójú pé pixel kan, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán lójú fóònù, lo kà sí mítà kan. Ìyẹn ni pé bí òkúta bá já láti òkè fóònù rẹ sílẹ̀, ká ní pixel 500 ni, lójú Box2D, mítà 500 ló já. Ṣe ìṣirò rẹ̀ bí mo ṣe máa ń kọ́ yín: kí òòfà ilẹ̀ jẹ́ 10, òkúta tó já láti mítà 500 á lo ìṣẹ́jú àáyá 10 kó tó kanlẹ̀. Kò lọ́ra rárá. Òkè ńlá ló ti ń bọ̀. Jẹ́ kí pixel 50 jẹ́ mítà kan. Mítà 10 ló máa já nígbà náà, kò sì ní tó ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀. Má ṣe fi kún òòfà ilẹ̀ láti fi tan ara rẹ, bí mo ṣe rí i tí àwọn kan ń ṣe. Ìlà tí wọ́n tò lé ara wọn á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.

Ní ti òkúta tó ń la ìlà kọjá, dúró kí n bi ọ́ ní nǹkan kan ná: ṣé ó máa ń la ilẹ̀ kọjá? Ó dá mi lójú pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Géèmù rẹ kì í wo ayé láìṣẹ́jú. Ó sábà máa ń wò ó nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń dijú láàárín méjì. Òkúta tó ń sáré mítà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá á ti fi mítà kan rìn kó tó tún lajú. Ìlà rẹ ò nípọn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ wò, òkúta wà níhìn-ín. Nígbà tó tún wò, òkúta ti wà lọ́hùn-ún, bí ewúrẹ́ tó sáré kọjá títì nígbà tí o ṣẹ́jú. Box2D máa ń ṣọ́ ohun tí kì í rìn, bíi ilẹ̀ àti ògiri, kí nǹkan má baà là á kọjá. Ṣùgbọ́n ìlà tí ẹni tó ń ṣeré yà lè rìn, ó lè ṣubú, kì í sì í ṣọ́ irú rẹ̀ àyàfi bí o bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Sọ òkúta náà di bullet nínú kóòdù rẹ, ìyẹn ohun tí Box2D á máa ṣọ́ lójú méjèèjì bó ṣe ń sáré, ó tán. Òkúta yẹn nìkan o, má sọ gbogbo nǹkan di bullet, torí iṣẹ́ ni o ń dì lé fóònù lórí.

Ní ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Line Rider, tí èèyàn ń fa ìlà kí ọmọ kékeré kan fi sílẹ́ẹ̀jì yọ̀ lórí rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Slovenia, Boštjan Čadež, ló ṣe é ní 2006. Phun, tó jáde ní 2008, iṣẹ́ àṣekágbá Emil Ernerfeldt ni ní yunifásítì Umeå ní Sweden. Òun ló di Algodoo tí àwọn tíṣà físíìsì ń lò ní kíláàsì. Numpty Physics tí mo dárúkọ lókè, Tim Edmonds ló ṣe é fún kọ̀ǹpútà kékeré àtẹ́lẹwọ́ tí Nokia ń ṣe nígbà yẹn, Crayon Physics ló wò ṣe é, ó sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Lọ kà á. Bó ṣe sọ ìlà ọwọ́ di ohun tó lè ṣubú wà níbẹ̀, orí Box2D kan náà tí ò ń lò ni. Ṣé o rí i? Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn dá jókòó síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n Purho àti Edmonds kò gbẹ́ kànga tiwọn. Omi tí Catto ti fà jáde ni wọ́n pọn.

Ohun kan tó kù, o ò bi mí, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Má ya ìràwọ̀ àti kéréyọ̀nù. Èyí ti wà. Jáde sẹ́yìn Under G, wo nǹkan. Mángòrò wà lórí igi, ìkọ́ wà lẹ́nu igi gígùn, ọwọ́ ò tó o: báwo ni mángòrò ṣe máa bọ́ sínú agbọ̀n láìfọ́? Ọmọlanke kó àpò kaṣú, òkè gígùn ń bẹ níwájú: ibo ni kí a gbé ẹrù sí? Nígbà tí ẹnì kan bá sì fi ọ̀nà tí o kò rò gba mángòrò rẹ, tó jẹ́ pé òkúta ló yà tó fi wó igi lulẹ̀, má lọ dí ọ̀nà yẹn pa. Mo mọ̀ pé á wù ọ́ láti dí i. Fi sílẹ̀ fún un.

Bí ife rẹ bá ti ń gba bọ́ọ̀lù, gbé fóònù náà wá sílé wa lọ́sàn-án Sátidé. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ ìwé yìí ni kí o ti gba àdírẹ́sì. Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún 9, á wà níbẹ̀. Gbé fóònù lé e lọ́wọ́, má kọ́ ọ, má tọ́ka sí ohunkóhun, bó ti wù kó dùn ọ́ tó. Mú ìwé àti bírò dání. Gbogbo ibi tó bá ti gbójú sókè tó wò ọ́, kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ kù sí.